Ṣọ́jà Tó Ń Jókòó Lẹ́bàá Ilẹ̀kùn

Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Àga ìkẹyìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni tirẹ̀: á fẹ̀yìn ti ògiri, gbogbo ẹni tó bá ń wọlé ni ojú rẹ̀ á máa bá wọlé. Bàtà rẹ̀ ń dán. Irun ẹ̀bátí rẹ̀ ti ń funfun díẹ̀díẹ̀, láàárín àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ogún ọdún.

Ọ̀sẹ̀ 16 ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fi kọ́ ọ ní ìtọ́jú ọgbẹ́ ní Fort Sam Houston, nílùú San Antonio. Ó lè fi ọ̀já fún itan tó ń tú ẹ̀jẹ̀ pa nínú òkùnkùn biribiri. Ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọmọláńgidi ni wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọláńgidi tó ń mí, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìyá ẹni ọdún 78 ni wọ́n pè é, ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́. Olùkọ́ tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn gíláàsì, èémí ìyá náà yí padà. Kí àwọn yòókù tó ṣí ìwé, ọwọ́ ṣọ́jà wa ti dé itan, ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jò. Lójú ogun, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá dúró, kí wọ́n tó kan èémí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

"Kí lo bi màmá?"

Kò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Owó kọ́ ló há a. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, àrọ́mọdọ́mọ òfin tí Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ní 1944, ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ṣọ́jà irú rẹ̀ fún oṣù 36, pẹ̀lú owó ilé àti ti ìwé. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́ kí ohun tí ṣọ́jà ti kọ́ má baà di òfo. Ó pẹ́ jù, lójú tèmi.

Èyí tí kò sí nínú òfin kankan ni ti abọ́ irin tó já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, tó dún gbàgà. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ṣọ́jà ti jáde. Olùkọ́, tó ti wá sáàárín wọn, kò dá ọ̀rọ̀ dúró, kò wo ilẹ̀kùn. Ó kàn rọra fi ẹsẹ̀ ti báàgì ṣọ́jà sábẹ́ àga kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó padà wọlé, ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó di ọwọ́ rọ́bà náà mú.

"Màmá, ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Olùkọ́ ti padà sẹ́yìn gíláàsì. Ohùn rẹ̀ gba ẹnu ọmọláńgidi jáde. "Mi ò sùn, ọmọ mi. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi gbé orí, síbẹ̀ mi ò lè mí kanlẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ìrọ̀rí 3. Lẹ́yìn náà ló ká aṣọ ìbora kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ó ń wò ó bóyá omi ti dúró síbẹ̀.