Ìrìn-Àjò Wa Lórí Òkè Ilẹ̀ Faransé

Ọkọ̀ tí ó ní ibùsùn àti ààrò nínú ni èmi àti aya mi, tí a ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, fi la àwọn ìletò ilẹ̀ Faransé já. A rí Gerbier de Jonc, òkè tí ó ga tó mítà 1,551. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Loire, odò tí ó gùn jù ní ilẹ̀ náà, ti sun. Láti ibẹ̀ ni a gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ dé Le Chambon-sur-Lignon.

Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tóbi. Nígbà ogun, obìnrin Júù kan tí ó sá kúrò ní Jámánì kan ilẹ̀kùn Magda, aya àlùfáà André Trocmé. Magda ní kí ó wọlé. Láti ìgbà náà títí di 1944, àwọn ará ìlú àti àgbẹ̀ àdúgbò fi ọ̀pọ̀ Júù pamọ́ sínú ilé wọn. Ní 1943 a mú Daniel Trocmé, ìbátan àlùfáà náà, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń tọ́jú. Ó kú ní àgọ́ Majdanek ní 1944.

Ní òru ọjọ́ náà, bí a ti ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ wa, aya mi wí pé, “Baba àwọn ọmọ mi, bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn yìí nísinsìnyí, ẹ ó ha ṣí i bí?” N kò tètè dáhùn. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ara yín léèrè bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín.