A Gbá Ewé Kí A Tó Wo Ìràwọ̀

Ní Dansoman, ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú Accra, ilẹ̀ kì í ṣú délẹ̀ mọ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, iná títì á tàn, ti ṣọ́ọ̀bù á tàn, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé epo á tẹ̀ lé e, ó di àárọ̀. N kò bú iná o. Ẹni tó bá gbé Ghana láàárín 2012 sí 2015, nígbà tí iná mànàmáná ń ṣe ségesège débi tí àwọn ará ibí fi sọ ọ́ ní "dumsor", ìyẹn "ó kú, ó tàn", kò ní bú iná láé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìmọ́lẹ̀ yìí ń gbà lọ́wọ́ wa tí kì í sí nínú bíìlì: àwọn ọmọ wa kò mọ ìràwọ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti máa túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé ojú ìwé àwọn ọmọdé kan fún mi tó dá lórí ìràwọ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo àwòrán inú rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni wọ́n pọ̀ tó yìí, àbí wọ́n kàn yà á bẹ́ẹ̀ ni?" Mo mú un jáde sí ẹ̀yìnkùlé, a kà wọ́n. Mọ́kànlá péré la rí, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ balẹ̀.

Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ olùkọ́, tí gbogbo ọmọ ń pè ní Auntie, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ti kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ rí sí Ghana Planetarium tí Jacob àti Jane Ashong dá sílẹ̀ ní Accra níbí, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbé àwòrán ojú ọ̀run sára àjà tó rí roboto. Ó ní àwọn ọmọ náà gbádùn rẹ̀ gan-an. Ó wá fi kún un pé kí a tún jẹ́ kí wọ́n rí ojúlówó. Bí àwa ará àdúgbò mẹ́rìndínlógún, ọmọdé márùn-ún nínú wa, ṣe dá owó ọkọ̀ jọ nìyẹn, a sì forí lé Òkè Afadja ní ìparí oṣù kọkànlá, ní ọ̀sẹ̀ tí kò sí òṣùpá.

Afadja, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Afadjato, ni òkè tó ga jù ní Ghana: 885 mítà. Ẹkùn Volta ló wà, nítòsí ibodè Togo, abúlé Liati Wote sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ewe ni àwọn ará ibẹ̀. Àwọn ọmọ abúlé náà ló ń mú àlejò gun òkè, ọ̀kan nínú wọn ló sì gbà láti mú wa. Efo là ń pè é, bí àwọn Ewe ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Kí a tó kúrò nílé ló ti sọ àdéhùn tirẹ̀ lórí fóònù: alẹ́ wà fún ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán wà fún òkè. Kí a mú bàtà tó le àti ìbọ̀wọ́ dání; àdá àti ọkọ́ wà lọ́dọ̀ wọn.

Àwọn kan nínú wa kùn. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Abossey Okai, tí a ń pè ní Wofa, ló kùn jù. Ó ní, "A san owó ọkọ̀, a san owó ilé tí a máa sùn, a tún máa roko?"

Efo kò bá a jiyàn. Ó mú wa lọ sí apá kan òkè tí iná jó ní ọyẹ́ tó kọjá. Kùkùté igi dúdú ló kù níbẹ̀, koríko gíga sì ti gba àárín wọn. Ó ṣàlàyé pé bí iná bá jó igbó lẹ́ẹ̀kan, koríko ló ń kọ́kọ́ hù padà, koríko yìí náà ni yóò sì tètè gbiná lọ́dún tó ń bọ̀. Iná ọdẹ tàbí ti àgbẹ̀ tó ń sun oko lè bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bí eré. Tó bá ti kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, eré ló máa ń sá, nítorí ọwọ́ iná ń gbẹ ewé tó wà lókè rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Èéfín rẹ̀ á wá dàpọ̀ mọ́ eruku ọyẹ́, ìràwọ̀ á sì wọmi. Ẹni tó ń dènà iná lórí òkè, ojú ọ̀run ló ń tún ṣe pẹ̀lú.

Iṣẹ́ náà kò ní àdììtú. Láàárín oko àti igbó, a ó la ọ̀nà kan tó fẹ̀, a ó ṣá koríko rẹ̀, a ó gbá gbogbo ewé gbígbẹ kúrò títí ilẹ̀ pupa á fi hàn. Tí iná bá dé ibẹ̀, kò ní rí ohun tí yóò jẹ. Àwọn ọmọdé ń ṣa ọ̀rá piọ wọ́tà lójú ọ̀nà àwọn tó ń gun òkè, àgbà ń ṣá, àwa obìnrin méjì kan ń gbá. Wákàtí mẹ́ta la fi ṣe é, ọwọ́ mi sì bó.

Nígbà tí a jókòó láti mu omi ni mo rí i pé Wofa kò tíì dẹwọ́. Òun ló wà níwájú gbogbo wa. Auntie pè é pé kí ó wá sinmi. Ó dúró, ó nu ojú rẹ̀, ó ní òun ṣì kéré lọ́dún 1983.

Ẹ̀yin òǹkàwé tó dàgbà á rántí ọdún náà. Ọdún tí Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana padà sílé ni, tí báàgì "Ghana Must Go" fi gba orúkọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni irú ilé tí wọ́n ń padà sí. Òjò kò rọ̀ ní Ghana lásìkò náà, iná igbó jó oko kòkó lọ bẹẹrẹ, ìyàn sì mú. Wofa ní oko kòkó bàbá òun jó láàárín ọ̀sán kan, bàbá òun sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìsọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. "Irú iná yẹn," ó ní, "mi ò fẹ́ kí ọmọ mi rí i." Ó tún gbé àdá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kùn mọ́.

Ní alẹ́, a kò gun orí òkè gan-an, nítorí ọ̀nà rẹ̀ dagun, òkúta sì ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la gùn ún. Efo mú wa lọ sí gbangba kan lókè abúlé. Ó fi ọ̀rá pupa bo tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, nítorí iná pupa kì í ba ojú jẹ́ fún òkùnkùn bí iná funfun. Ó ní kí gbogbo wa pa fóònù, kí a fi ojú sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn ọmọ rojọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́.

N kò lè ka ohun tí mo rí. Ghana kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nítorí náà láàárín ọdún kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìràwọ̀ tí kì í kọjá lójú ọ̀run wa, ti àríwá àti ti gúúsù. Auntie na ọwọ́ sí ìdì ìràwọ̀ kéékèèké kan tó há pọ̀ ní ìlà oòrùn. Àwọn Akan ń pè é ní "Aberewa ne ne mma", ìyá arúgbó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ìràwọ̀ méje ni Bíbélì Yorùbá pè é nínú ìwé Ámósì. Ọmọ mi rí mẹ́fà, ó ní keje ti lọ sùn. Nígbà tó yá, ìràwọ̀ kan yọ tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Èyí ni A. B. Ellis kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1894 pé àwọn Yorùbá ń pè ní ìràwọ̀ ọkọ̀, nítorí ó ń ṣamọ̀nà àwọn atukọ̀. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà. Bí a kò bá rí ìràwọ̀ mọ́, kí la fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe? Ọ̀rọ̀ tí a kò lò ń kú.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ará abúlé jókòó sínú òkùnkùn kí àwa ará Accra lè rí ìran wò. Ẹ̀tọ́ wọn ni iná. Ṣùgbọ́n gílóòbù tí a fi ìdérí bò, tó dojú kọ ilẹ̀, ń tan ìmọ́lẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kì í ṣe sójú ọ̀run. Ní Namibia, wọ́n ń ṣọ́ iná wọn báyìí ní NamibRand, ibẹ̀ sì ni wọ́n kọ́kọ́ kà sí ibi ààbò òkùnkùn ní Áfíríkà, lọ́dún 2012.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lè ṣe irú rẹ̀, ìbáà jẹ́ Ìdànrè tàbí Adó-Àwáyé ló sún mọ́ yín. Ẹ yan ọ̀sẹ̀ tí kò sí òṣùpá, lẹ́yìn òjò, kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ wá ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà, kí ẹ sì bi í léèrè iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye owó. Ẹ pe ìyá àgbà lórí fóònù kí ó sọ orúkọ tó mọ̀ fún àwọn ọmọ. Ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ ọmọ mi pé Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ ń rìn. Àgùàlà yìí, nígbà tó bá yọ, a máa ń rí i ní Dansoman pàápàá.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, Efo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa. Iná ti wá. Ó jó oko ẹ̀gẹ́ kan ní ìsàlẹ̀, ó gòkè, ó sì kú sí etí ibi tí a gbá. Wofa ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ó ní ọjọ́ wo la tún ń lọ.