Ta Ni À Ń Rán Lọ Pọnmi?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ omi. Kì í ṣe ti ìjọba tí kò fa ẹ̀rọ dé àdúgbò wa. Ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Ti ìdájí inú ilé wa ni mo fẹ́ ká sọ, nígbà tí a bá jí ọmọ kan kó lọ gbé kẹ́ẹ̀gì, tí a sì fi èkejì sílẹ̀ kó sùn tẹ́rùn tàbí kó jókòó ti ìwé rẹ̀. Orúkọ ta ló máa ń kọ́kọ́ yọ lẹ́nu wa?

Ní 2023, UNICEF àti WHO gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí omi inú ilé. Wọ́n ní bílíọ̀nù 1.8 ènìyàn ló ń gbé ilé tí kò sí omi nínú ọgbà rẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, méje ló jẹ́ pé àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tó ti tó ọdún 15 ni iṣẹ́ omi já lé léjìká. Láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún 15 pàápàá, ọmọbìnrin ló pọ̀ ju ọmọkùnrin lọ nídìí rẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí kò ya ẹnikẹ́ni nínú wa lẹ́nu. Ohun tó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ló yẹ kó ká wa lára.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Céline Nauges àti Jon Strand, yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ìdílé káàkiri Gánà wò, láti nǹkan bí 1993 títí dé 2008. Wọ́n rí i pé bí àkókò tí ilé ń lò lórí omi bá dín sí ìdajì, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin, bíi méjì sí mẹ́ta ni yóò tún kún àwọn tó ń lọ sílé ìwé. Ti abúlé sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnìkan lè ní méjì tàbí mẹ́ta kéré. Kò ní sọ bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé ọmọ tirẹ̀ wà nínú wọn. Ìṣirò yìí kò sì tíì kan ọmọ tó dé ilé ìwé lóòótọ́, àmọ́ tó ti rìn lọ rìn bọ̀ nídìí kànga kí oòrùn tó yọ, tó wá ń tòògbé nígbà tí olùkọ́ ń kọ ìṣirò sójú pátákó.

Mo mọ èsì tí àwọn ìyá wa àgbà máa ń fọ̀: ọmọbìnrin tí kò mọ iṣẹ́ ilé, ilé ọkọ ni yóò ti dójú ti àwọn òbí rẹ̀. N kò fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ ilé, ọmọ tí kò bá sì kọ́ ọ yóò jẹ ìyà rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń dá gbé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ni lóòótọ́, kí ló dé tí a fi ń fi í du àwọn ọmọkùnrin wa?

Ẹ wo Wangari Maathai, obìnrin tó dá ẹgbẹ́ agbingi Green Belt Movement sílẹ̀. Ní 1940 ni wọ́n bí i sí abúlé Ihithe, lágbègbè Nyeri ní Kẹ́ńyà. Ó ń ṣẹ́gi, ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lóko bí àwọn ọmọbìnrin yòókù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Nderitu, tó ti ń lọ sílé ìwé ní tirẹ̀, ló bi ìyá wọn lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí Wangari kì í bá àwọn lọ. Ìyá wọn rò ó, ó sì gbà. Ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn obìnrin náà, ju ẹ̀bùn Nobel tó gbà lọ. Ọmọkùnrin ló wẹ̀yìn, tó rí i pé àbúrò òun kò sí níbẹ̀, tí kò sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé wà. Ẹnìkan ti kọ́ ọ nílé pé kó máa wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá kan náà yìí, bó bá ti rán Wangari lọ ṣẹ́gi, a máa kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan mugumo, ẹ̀yà igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tí àwọn Kikuyu kà sí igi Ọlọ́run. Ẹ̀ka rẹ̀ tó ti gbẹ pàápàá, kò gbọdọ̀ mú un wálé. Ọmọ náà lọ sí Amẹ́ríkà, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun abẹ̀mí, ó padà dé, ó sì rí i pé wọ́n ti gé ọ̀pọ̀tọ́ ńlá tó wà nítòsí ilé wọn láti gbin tíì síbẹ̀. Odò kékeré tó máa ń sun lẹ́bàá igi náà ti gbẹ. Ìgbà yẹn ló yé e. Gbòǹgbò igi yẹn a máa wọlẹ̀ lọ jìnnà, a máa la àárín àpáta kọjá títí kan omi abẹ́ ilẹ̀, omi a sì tọ ọ̀nà rẹ̀ yọ sókè. Òun náà ló ń di ilẹ̀ òkè mú kó má baà ya. Àwọn tó dàgbà nítòsí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005, mọ irú èèwọ̀ tí ìyá yìí ṣe fún ọmọ rẹ̀ dáadáa. Èèwọ̀ ni ìyá fi kọ́ ọmọ. Ilé ìwé ló jẹ́ kí ọmọ mọ ìdí èèwọ̀. Bí ọ̀kan bá wọ́n nínú méjèèjì, ìmọ̀ náà kò ní pé.

Ní 1971, Wangari gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì ìlú Nairobi, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Ìlà Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Ìwádìí lórí eégbọn ara màlúù ló gbé e dé ìgbèríko, níbi tó ti rí odò tí ọ̀gbàrá ń da erùpẹ̀ sí títí tó fi pọ́n, àti màlúù tó rù kan eegun. Àwọn obìnrin abúlé sì ń sọ ìnira tiwọn: igi ìdáná ti jìnnà, omi tó mọ́ ti wọ́n, oúnjẹ kò tó. Ó ní kí àwọn gbingi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nídìí igbó ní iṣẹ́ oníwèé-ẹ̀rí ni igi gbíngbìn. Àwọn obìnrin náà fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbin àgbàdo gbin tiwọn, ó sì hù. Bí ẹgbẹ́ Green Belt Movement ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1977 nìyẹn.

Ẹni tó ń pọnmi ló mọ omi. Ó mọ kànga tó máa ń kọ́kọ́ gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ó mọ èyí tí omi rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà lẹ́yìn òjò. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pe ìpàdé lórí kànga, bàbá tí kò gbé garawa rí láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó ló máa ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀.

Íńdíà gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Láti 1993, òfin ilẹ̀ wọn ní kí ìdá kan nínú mẹ́ta ipò olórí ìgbìmọ̀ abúlé, ó kéré tán, jẹ́ ti obìnrin. Ní ìpínlẹ̀ West Bengal, wọn kì í ṣa abúlé tí yóò kàn. Ó dà bí ẹni pé kèké ló ń mú un. Èyí ló jẹ́ kí àwọn olùwádìí lè gbé abúlé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì kí wọ́n sì wo ìyàtọ̀. Raghabendra Chattopadhyay àti Esther Duflo ṣe é, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 2004: níbi tí obìnrin bá ti jẹ olórí, omi mímu ń rí owó gbà ju ibi tó jẹ́ ọkùnrin lọ, nítorí pé omi wà lára ohun tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ráhùn lé lórí jù.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni kò kúrò lọ́kàn mi. Nínú ìwádìí mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, Duflo pẹ̀lú Lori Beaman, Rohini Pande àti Petia Topalova lọ sí abúlé 495 ní West Bengal, wọ́n bá àwọn òbí àti àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún 11 sí 15 sọ̀rọ̀. Ohun tí òbí ń fẹ́ fún ọmọkùnrin máa ń ga ju èyí tí wọ́n ń fẹ́ fún ọmọbìnrin lọ. Níbi tí obìnrin ti ṣe olórí ní sáà méjì, àlàfo yẹn dín kù lọ́kàn àwọn òbí, ó sì dín kù ní ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́kàn àwọn ọmọ fúnra wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé tí ọmọkùnrin ń kà àti èyí tí ọmọbìnrin ń kà parẹ́. Àkókò tí ọmọbìnrin ń lò lórí iṣẹ́ ilé sì dín kù. Bẹ́ẹ̀, kò sí iṣẹ́ olówó tuntun kan tó ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ojú àwọn òbí ló rí obìnrin tó ń darí, tí ọkàn wọn sì yí padà sí ọmọ tí wọ́n bí.

Olùwádìí mìíràn, Bina Agarwal, nínú ìwé rẹ̀ Gender and Green Governance tó jáde ní 2010, wo àwọn ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú igbó ní Gujarat àti Nepal. Obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ọkùnrin kì í sábà lè lanu sọ̀rọ̀. Ó dìgbà tí wọ́n bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta kí ohùn wọn tó jáde. Kò yẹ kí ohùn obìnrin nínú ìgbìmọ̀ ṣe àjèjì sí àwa tí Ìyálóde ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú wa láti ayébáyé, àmọ́ òun nìkan kò tó.

Nílé wa, ọmọ tí omi bá kàn ló ń lọ, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ bá sún mọ́, a dá a sí. Ọmọkùnrin mi kùn gan-an níbẹ̀rẹ̀, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń wo òun. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n máa wò ó. Ní báyìí, òun gan-an ló máa ń sọ fún wa pé omi inú àgbá ti ń lọ, kí àbúrò rẹ̀ má fi ṣòfò, nítorí ó ti mọ bí ó ṣe dé ibẹ̀. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín náà nìyẹn, pẹ̀lú ohun kan sí i: bí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín bá tún ń pàdé lórí kànga, ẹ mú díẹ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń pọnmi níbẹ̀ dání, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ bi wọ́n ní aago tí èrò ń pọ̀ jù, ẹ bi wọ́n ní ibi tí omi ti ń dà nù, ẹ bi wọ́n ní apá ibi tí ojú ọ̀nà kò ti dára fún ọmọ tó bá dá lọ, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé ìpàdé.