Ọkọ̀ Kọṣẹ́ ní Ìkéjì-Arákejì, Gèlè Fẹ́ẹ́ Di Fáànù Bẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ń ná ọjà láti Ìgbàrà-Òkè sí Iléṣà mọ ọ̀nà náà bí ẹni mọ yàrá ìyá rẹ̀. Èèyàn á kúrò ní Ìgbàrà-Òkè, á dé odò Ọ̀wẹ̀nà níbi tí ilẹ̀ Oǹdó ti parí tí ti Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀. Ìkéjì-Arákejì ló kàn, lẹ́yìn náà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, Erinmọ̀, Ìwárájà, ó di Iléṣà. Kòkó lọ́tùn-ún, kòkó lósì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀nà tó dùn ún wò ni, ṣùgbọ́n ó lókè, ó ní kọ́ọ̀nà. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò bá le, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti máa ń tú.

Ibẹ̀ náà ni àṣírí ọkọ̀ Pijó kan ti tú lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Pijó 504 ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. Awakọ̀ rẹ̀ ò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ̀ yẹn gan-an á ṣe ẹ̀gbọ́n fún un dáadáa. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan wà níbẹ̀, àgbàlagbà, tó kó ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sórí ọkọ̀. Ìyá onítòmátì wà níbẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin. Bàbá télọ̀ kan wà níbẹ̀, àti àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń ti òkú bọ̀ pẹ̀lú gèlè ńlá lórí. Ọmọge kan tó wọ bàtà gíga tún wà níbẹ̀, wọ́n ní kó wá fara hàn níbi iṣẹ́ tuntun ní Iléṣà.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Ìkéjì-Arákejì ni iná pupa kékeré kan tàn níwájú awakọ̀. Iná bátìrì ni. Kò kà á sí. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọwọ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó gùn títí ó fi kan orí. Ọkọ̀ ò lágbára mọ́. Bí wọ́n ṣe dé ẹsẹ̀ òkè kan ni èéfín funfun bò wọ́n lójú, ó di gbáà, ọkọ̀ kú.

Kọndọ́ bọ́ sílẹ̀, ó já ẹ̀ka igi tútù, ó dà á sójú títì lẹ́yìn ọkọ̀. Láti ọdún 1988 tí wọ́n ti dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ni wọ́n ti ń pariwo pátákó pupa onígun mẹ́ta sí àwọn awakọ̀ létí, síbẹ̀ ewé ṣì ni pátákó ọ̀pọ̀ wọn. Ó kúkú sàn ju kí wọ́n má fi nǹkan kan síbẹ̀ lọ. Tírélà tó ń sáré bọ̀ láti orí òkè ò ní mọ̀ pé ọkọ̀ kan ti kú sísàlẹ̀.

Ìyá onítòmátì ní kí wọ́n lọ pe mẹkáníìkì wá láti Ìpetu. Ni awakọ̀ bá bínú.

"Mẹkáníìkì kẹ̀? Kó gbowó ọkọ̀, kó gbowó iṣẹ́, kó tún gbowó ọtí? Èmi náà á tún un ṣe."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fáànù bẹ́ẹ̀tì ti já sí méjì, ó há sábẹ́ ẹ́ńjìnì bí ejò tí wọ́n pa. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Bẹ́ẹ̀tì yẹn ló ń yí ẹ̀rọ tó ń ti omi káàkiri ẹ́ńjìnì, òun náà ló ń yí èyí tó ń fún bátìrì lágbára. Ìdí tí iná bátìrì fi kọ́kọ́ tàn nìyẹn, ká ní ó dúró nígbà náà ni, ìyà ìbá kéré. Ṣùgbọ́n ojú awakọ̀ ò sí lára bẹ́ẹ̀tì. Rédíétọ̀ ló ń wò. Ó mú àkísà, ó nawọ́ sí ìdérí rẹ̀ pé òun fẹ́ bu omi sí i.

"Dẹ́rẹ́bà! Gbọ́wọ́ ẹ kúrò níbẹ̀!"

Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ni. Ohùn tó fi pariwo, kọndọ́ fò sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́ ẹ ni kó o wakọ̀. Èyí tó o fẹ́ ṣe yìí, mo ti rí òpin ẹ̀ rí. Ọkọ mi náà, dẹ́rẹ́bà ni. Bó o ṣe bẹ̀rẹ̀ yìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojú kan ló gbé dé ilé, kò sì tún di sítiarìn mú mọ́ títí ó fi kú. Èmi ni mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tọ́ ọmọ márùn-ún."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Awakọ̀ rọra ju àkísà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tó ń se mọ́ínmọ́ín, ọ̀rọ̀ yìí ò lè ṣòroó yé yín. Ìkòkò tí ẹ dé, tí ẹ tún gbé òkúta lé ọmọrí rẹ̀, ooru inú rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ìkòkò tí ẹ ṣí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni rédíétọ̀ rí. Ìdérí rẹ̀ ní sípírínì nínú, òun ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kó má baà tètè hó. Omi tó wà ní gbangba máa ń hó tí ooru rẹ̀ bá ti dé 100 lórí ìwọ̀n Selsíọ́ọ̀sì. Ti inú rédíétọ̀ á gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní hó. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ ṣí ìdérí yẹn lójijì, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á tú sókè fàì! Ojú àti àyà ẹni tó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀ ló sì ń bọ́ sí.

Kí ni kí wọ́n wá ṣe? Kí wọ́n jókòó ni. Ìyẹn sì ni ohun tó ṣòro jù fún ẹni tí ọjà rẹ̀ wà lóòrùn. Ìyá onítòmátì ń káàkiri apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ èyí tó wà lókè, ó ń mí kanlẹ̀. Owó àjọ ló fi ra ọjà náà, òun ló sì kàn láti dá tirẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Abẹ́ igi kòkó ni wọ́n jókòó sí. Bàbá télọ̀ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà. Ta ni ò mọ̀? Lóṣù kẹwàá ọdún 1928, ní agbègbè yìí kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún kan wà nídìí ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì. Iṣẹ́ P.W.D. ló ń ṣe, ọ̀nà Ìgbàrà-Òkè sí Iléṣà yìí ni wọ́n sì ń là. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Odò-Ọwá, ní ibi tí wọ́n ń pè ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ó ti kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tẹ́lẹ̀, irin kì í bà á lẹ́rù. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ó wò ó síwájú, ó wò ó sẹ́yìn, kò rí ohun tó ṣe é. Ibi tó ti ń gbìyànjú àtitún un ṣe ló wà tí ohùn kan fi pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó sì fi í sílẹ̀. Ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òkè-Oòyè, n'Iléṣà, tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń wọ́ lọ síbẹ̀. Lọ́dún 1959 tó kú, Èfọ̀n-Alààyè ni wọ́n sin ín sí. Ìjọ C.A.C. sì ti kọ́ yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sí Ìkéjì-Arákejì níbí.

Ọ̀kan nínú àwọn onígèlè mi orí. "Dẹ́rẹ́bà, ṣé kì í ṣe ìwọ náà ni Olúwa ń pè báyìí?"

"Kí Olúwa jẹ́ n san gbèsè ọkọ̀ tán ná, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ká sòótọ́, tó bá jẹ́ pé ìpè wà nínú gbogbo ọkọ̀ tó ti kú sí ọ̀nà yìí, wòlíì ìbá pọ̀ ju awakọ̀ lọ ní Iléṣà.

Ó tó wákàtí kan kí ara rédíétọ̀ tó ṣeé fọwọ́ kàn. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Àkísà tó nípọn ni wọ́n fi bo ìdérí, awakọ̀ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí i díẹ̀, ó dúró kí ooru tó kù jáde, kó tó ṣí i tán. Omi inú ọ̀rá tí àwọn èrò rà mu ni wọ́n ń dà sí i, díẹ̀díẹ̀. Omi tútù kì í bá ẹ́ńjìnì gbígbóná rẹ́. Tí wọ́n bá da púpọ̀ sí i lójijì, irin orí ẹ́ńjìnì lè sán, owó ìyẹn sì tó owó ọkọ̀ mìíràn.

Ó wá ku bẹ́ẹ̀tì. Awakọ̀ ní òun ti gbọ́ pé aṣọ lè ṣe é. Ojú àwọn onígèlè yí padà. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ọ̀kan tú tirẹ̀. Wọ́n lọ́ ọ, wọ́n ta á ní kókó. Bí wọ́n ṣe ta ẹ́ńjìnì jí, kókó náà fò, gèlè wé mọ́ irin, ó fà ya pẹrẹ. Ẹkún lásán ló kù tí obìnrin yẹn ò sun. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó wà nítòsí rẹ̀ nígbà náà. Bí aṣọ ṣe wé yẹn náà ni apá àgbádá ń wé, tí ọwọ́ èèyàn á sì tẹ̀ lé e.

Ìgbà náà ni ọmọge tí kò tíì sọ nǹkan kan wọ inú igbó kòkó lọ. Ìgbà tó jáde, ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù gígùn tó wọ̀ ló mú lọ́wọ́. "Bùọ̀dá, ẹ wo èyí."

Bàbá télọ̀ ló gbà á. Ọwọ́ tó ti ń di òwú láti ogójì ọdún ló fi lọ́ ọ pọ̀, ó fi yí kẹ̀kẹ́ ẹ́ńjìnì àti ti omi nìkan po, ó fi ti bátìrì sílẹ̀ kí ẹrù má baà pọ̀ fún un, ó fà á le, ó ta kókó pẹlẹbẹ, ó fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ gé ìdí rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù máa ń fà, ó sì máa ń di nǹkan mú, ìyẹn ni gèlè ò ní. Wọ́n ta ẹ́ńjìnì jí. Ó ń yí! Ariwo sọ.

Ẹ má ṣe gbọ́ èyí kí ẹ wá máa fi ìbọ̀sẹ̀ rìnrìn àjò o. Kí ó kàn gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó sún mọ́ tòsí ni, jẹ́jẹ́, kí ojú má kúrò lára ọwọ́ ooru. Àwọn nǹkan wà tí èèyàn lè fi ọgbọ́n ṣe lójú títì: táyà, okùn bátìrì tó tú, ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n fi ń dí ojú táńkì tó ń jò. Ti bíréèkì àti ti sítiarìn ò sí níbẹ̀ rárá. Kò sì sí àbọ̀ ọgbọ́n nínú kí èèyàn wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Wọ́n wọ́ dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ìbọ̀sẹ̀ náà, ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Kò pẹ́ rárá tó fi fi bẹ́ẹ̀tì tuntun síbẹ̀. Awakọ̀ sanwó, kò jiyàn. Ó wá ku owó ìbọ̀sẹ̀ àti owó gèlè, ìyẹn sì di àríyànjiyàn: ọmọge náà ní kó má san án, àmọ́ onígèlè ní ti òun ò sí nínú àánú. Níkẹyìn, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ dé Iléṣà.

Ìyá onítòmátì ò sí nídìí ọ̀rọ̀ wọn. Ó ti sọ apẹ̀rẹ̀ méjì kalẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó ń ṣa èyí tó ti ń rọ̀ sọ́tọ̀, ìyàwó mẹkáníìkì sì ń ná an.