Lẹ́yìn Ogójì Ọjọ́

Ìkíni kò wọ́n ní èdè wa. A ní ti ẹni tí ó jókòó, a ní ti ẹni tí ó ń jẹun, a sì ní ti ẹni tí òjò pa. Bí ikú bá wọ ilé kan, a ó kí ẹni tí ó kù pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù", bí a bá sin òkú tán, a ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ìkíni tí a yà sọ́tọ̀ fún òwúrọ̀ tí ó tẹ̀lé ogójì ọjọ́, nígbà tí a ti ká àtíbàbà, tí àwọn ọmọ ti padà sí Èkó àti òkè òkun, tí àgbàlagbà tí ó kù sì jí ní òun nìkan. Ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ náà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ.

Bàbá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Òkè-Ogbo, ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Àgbẹ̀ oníkòkó ni wọ́n. Ìyàwó wọn, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Alákàrà, ni ń jí wa ní ìdájí, nítorí òórùn àkàrà wọn a máa dé yàrá wa kí àkùkọ tó kọ tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá ti ọjà Odò-Ògbè dé, wọ́n jẹun, wọ́n rẹ ẹ̀wà sínú omi fún iṣẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ní ó rẹ àwọn díẹ̀, wọ́n sì lọ sùn. Wọn kò jí mọ́. Kò sí àìsàn, kò sí ìdágbére. Nígbà tí àwọn abánikẹ́dùn kún àgbàlá, ẹ̀wà náà ṣì wà nínú abọ́, ó ti wú, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ohun tí àdúgbò ṣe ní ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ kò lábùkù. Oúnjẹ wá láti ọ̀pọ̀ ilé; ẹní kò tó fún àwọn tí ó wá sùn. A ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, a ṣe ti ogójì ọjọ́, a pa ẹran, a jẹ, a mu. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé Bàbá ni ó kú tí Ìyá sì kù, n kò rò pé ọ̀rọ̀ náà ì bá rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ń ṣe opó. Nínú ẹ̀sìn Mùsùlùmí, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni. Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ilé, àwọn obìnrin a máa jókòó tì í, wọn kì í sì í fẹ́ kí ó dá sùn. Ìnira pọ̀ nínú àṣà opó ṣíṣe, n kò sì fẹ́ kí ó padà wá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 tí ó lòdì sí ìwà ipá pàápàá ka fífi ìyà jẹ opó sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjókòó tì náà dára. Ta ni í jókòó ti ọkùnrin? A ó ní, "Ẹ ṣe ọkàn gírí, ọkùnrin ni yín," a ó sì bá ọ̀nà wa lọ.

Ewu sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1969, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Parkes, Benjamin àti Fitzgerald, tẹ ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọkùnrin 4,486 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìyàwó wọn kú ní ọdún 1957. Láàrin oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, 213 nínú wọn ti tẹ̀lé ìyàwó wọn. Níbi tí à bá ti retí kí ẹni 100 kú nínú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn tí ó ní ìyàwó, 140 ni ó kú nínú àwọn wọ̀nyí. Àrùn ọkàn ni ó sì gbilẹ̀ jù nínú ohun tí ó pa wọ́n. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni iye náà wá ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi oṣù mẹ́fà yìí wé ogójì ọjọ́ wa.

Ní ti Bàbá, ọ̀rọ̀ oògùn ni ó kọ́kọ́ hàn sí wa. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, Ìyá ni ó sì ń ka oògùn lé wọn lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, nítorí Bàbá kò mọ̀wé. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ìyàwó mi gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn, ó rí àwọn páálí oògùn lórí tábìlì, wọ́n kún bí ọjọ́ tí a rà wọ́n. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ kò lo oògùn yín ni?" Bàbá dáhùn pé, "Ìyá yín ni ó mọ̀ ọ́n, ọmọ mi." Ní ọjọ́ kejì a mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ìfúnpá wọn ti ga kọjá bí ó ti yẹ. Dókítà kọ oògùn, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ìwé girama kan ní àdúgbò ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ya àwòrán oòrùn sí ara páálí ti òwúrọ̀, ó ya ti òṣùpá sí ara páálí ti alẹ́, ó sì ń yà sọ́dọ̀ Bàbá kí ó tó lọ sí ilé ìwé. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà. Inú orí ni Ìyá kọ gbogbo ìṣirò wọn sí: ẹni tí ó jẹ wọ́n àti ẹni tí wọ́n jẹ. Alájọ wọn ṣe ohun tí ó wú mi lórí. Ó mú káàdì àti owó wá fúnra rẹ̀, ó sì kà á ní ojú ẹni mẹ́ta. Ti ilé ìfowópamọ́ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ kì í san owó olóògbé nítorí pé ọkọ rẹ̀ ń sunkún. A ní láti gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn, kí a sì gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga. Irú ìrìn àjò yìí kì í ṣe ti ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọmọ wọn tí ó wà ní Ìbàdàn ni a pè kí ó wá ṣe é.

Àwọn àlejò a máa sá fún orúkọ Ìyá ní ojú Bàbá, kí ẹkún má baà dé. Wọn a máa sọ ti òjò àti iye tí kòkó ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìyá gan-an ni Bàbá fẹ́ sọ. Ní alẹ́ kan mo bi wọ́n bí àwọn méjèèjì ti ṣe pàdé, wọ́n sì sọ ìtàn náà títí di agogo mẹ́wàá: bí òjò ṣe ká wọn mọ́ ọ̀nà oko pẹ̀lú àpò kòkó, àti bí Ìyá ṣe kọ̀ fún wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì, tí ó ní ọkùnrin náà ga jù. Bàbá sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ àmàlà wọn tán fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Ìyá ti lọ.

Oṣù keje ti wọlé nísinsìnyí. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n Ìyá ti gba agbada wọn, ó sì ń lò ó ní ojú kan náà. Ní òwúrọ̀ tí ó kọ́kọ́ dín àkàrà, ó bu díẹ̀ sínú àwo, ó gbé e lọ fún Bàbá. Bàbá tọ́ ọ wò, wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Mẹ́fà ni wọ́n jẹ.