Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́: Fíìmù Tó Wà Nílẹ̀ Tí A Kò Wò

Kò sí àdúgbò tí ènìyàn máa gbà kọjá ní Ìkòròdú tí kò ní rí i lára ògiri, lára géètì, àti lára ilé tí wọn kò tíì kàn ní páánù: "Ilé yìí kì í ṣe títà." Ọ̀dà pupa ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, gàdàgbà-gadagba, kí ojú oníjìbìtì lè tó o dáadáa. Láti Àgíríkì títí mo fi dé Sábó, Baba Wande ni mo ń rò.

Baba Wande, ìyẹn Kareem Adépọ̀jù, ló kọ ìtàn Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, òun náà ló sì ṣe Olóyè Aṣíyanbí inú rẹ̀. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀ ní 1993 lábẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀, Mainframe. Aṣíyanbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo sí i, wọ́n pín owó, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn wá. Ẹni tí ọmọ onílẹ̀ ti ta pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo fún òun àti ẹni mẹ́ta mìíràn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fíìmù yìí fún un. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀. Wọ́n ń pàdánù o. Kò sí apanilẹ́rìn-ín tó lè bẹ̀rù ikú bí Aṣíyanbí, kí ẹnu rẹ̀ má sì dákẹ́.

Ní Sábó, mo wá ẹni tó ń ta fíìmù lọ. Nígbà kan, páálí sídì ló máa ń kún iwájú ṣọ́ọ̀bù irú wọn dé ojú títì. Ní báyìí, ṣájà àti ìbòrí fóònù ló gba iwájú, sídì ìwọ̀nba tó kù wà nínú báàgì lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún ń ra sídì?" Ọmọkùnrin náà na ọwọ́. "Ẹ mú fóònù yín wá, màá kó ogún fíìmù sí mẹ́mórì fún yín."

Mo bi í bóyá ó ní Kòṣeégbé.

"Kòṣeé kí ni? Ẹ jẹ́ n kó Jagun Jagun fún yín, sà. Gbogbo ènìyàn ló ń wò ó."

Gbogbo ènìyàn ti wò ó lóòótọ́, mi ò sì bá Jagun Jagun jà. Ṣùgbọ́n Kòṣeégbé tí Kèlání ṣe ní 1995 láti inú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ló dá lé lórí, ẹni tó kọ rìbá, tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ sì dìtẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí idán níbẹ̀, kò sí ogun. Ọ́fíìsì, fáìlì àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lábẹ́ ẹnu ni, ó sì ń mú àyà ẹni já ju fíìmù tí wọ́n ti ń fi idà gé orí lọ.

Mi ò gbà kí ọmọkùnrin náà kó nǹkan kan sí fóònù mi, torí mo mọ ohun tó ṣe Baba Sala, ìyẹn Moses Ọláìyá. Ní 1982, ó yá owó, ó sì gbé Ọ̀run Mooru jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Wọ́n lu ọkùnrin kan ní jìbìtì, ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ó dé ọ̀run, wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Kí owó tó wọlé, wọ́n ti jí fíìmù náà dà sínú fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri. Gbèsè ọ̀hún kò kúrò lọ́rùn baba náà bọ̀rọ̀. Ẹ̀dà tí à ń rí wò lónìí, àwòrán rẹ̀ ti ṣá, ohùn rẹ̀ ń hó. Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀rín inú rẹ̀ kò ṣá.

Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níwájú ṣọ́ọ̀bù méjì sí ibẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń fẹ́ wọ yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ẹni tó bá ti wo Eyimofe kò ní lè kọjá níbẹ̀ kí ara rẹ̀ má bù máṣọ. Arie àti Chuko Esiri, ìbejì, ló ṣe é ní 2020, fíìmù 16mm gidi ni wọ́n fi yà á ní ìlú Èkó. Mofe ń tún iná ṣe, ó fẹ́ lọ Sípéènì. Rosa ń dirun, ó fẹ́ lọ Ítálì. Èéfín jẹnẹrétọ̀ pa àbúrò Mofe àti àwọn ọmọ rẹ̀ sójú oorun. Àwọn tó ṣe fíìmù kò ké, wọn kò lu ìlù arò. Ìwé ni Mofe ń gbé káàkiri lẹ́yìn náà, láti ọ́fíìsì kan dé èkejì. Ilé iṣẹ́ Criterion ní Amẹ́ríkà gbé e jáde sáàárín àwọn fíìmù ńlá àgbáyé. Nílé ńkọ́? Ẹ bi ará àdúgbò yín.

Kí n má gbàgbé àwọn ọmọ Ìkòròdú fúnra wọn. Ikorodu Bois ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn ọmọ tó ń fi bárò, àga oníke àti ìkòkò ìdáná ṣe ẹ̀dà fíìmù òyìnbó. Ní 2020, wọ́n ṣe ti Extraction, àwọn Russo tó gbé fíìmù náà jáde sì pè wọ́n síbi ìṣíde apá kejì. Netflix náà fi ẹ̀rọ ìyàwòrán ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ fi ẹ̀dà wọn sí ẹ̀gbẹ́ ti òyìnbó, kí ẹ wò ó: ibi tí kámẹ́rà yà sí, ibi tí ó dúró, bákan náà ni. Ẹ̀rín ló ń pa wá tí a kò fi rí iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

"Ìtòíkìn, Ẹ̀pẹ́! Ẹ mú ṣéńjì lọ́wọ́ o!"

Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ náà kún kí n tó jókòó tán. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ jókòó tì mí, ó ń wo fíìmù Yorùbá lórí YouTube, ó sì ń fi àtàǹpàkò fo ibi tí kò wù ú. Láti ìgbà tí ọjà sídì ti wó, ibẹ̀ ni àwọn òṣèré wa kó ọjà lọ. Mo sọ̀rọ̀ Arugbá fún un, fíìmù Kèlání ti 2008: Adétutù, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n yàn láti ru igbá ọdún, nígbà tí ìwà ìbàjẹ́ kún ààfin. Bùkọ́lá Awóyẹmí ló ṣe é, pẹ̀lú Ṣẹ́gun Adéfilà tó dá Crown Troupe sílẹ̀ ní Bàrígà.

"Ṣé wọ́n ń pọfọ̀ níbẹ̀, sà?"

Mo ní orin àti ijó ló pọ̀ níbẹ̀.

"Á á," ó ní, ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó kọjá Ìmọ̀ta, níbi tí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, ó ti bi mí léèmejì báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ fíìmù náà.

Lẹ́yìn Ìtòíkìn, igbó àti omi ló kù lọ́tùn-ún lósì. Apá ibẹ̀ ni Èjìnrìn wà, ìlú tí ọjà etí ọ̀sà rẹ̀ lókìkí gan-an láyé àtijọ́. Níbẹ̀ ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ya nǹkan bí 100 hẹ́kítà sọ́tọ̀ fún ìlú sinimá. Bí wọ́n bá bi mí léèrè fíìmù tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn níbẹ̀, Àjàní Ògún ni màá dárúkọ. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀ ní 1976, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá ni. Adé Love, bàbá Kúnlé Afọ́láyan, wà nínú rẹ̀, Dúró Ládiípọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé ọdẹ kan rí i pé olówó kan ti gba ilẹ̀ bàbá òun tó ti kú. Ilẹ̀ náà ṣì ni! Ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 2016, Gómìnà Akínwùmí Ambọ̀dé, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin tó de àwọn ajàgùngbalẹ̀.

Ọdún 1976 yẹn kan náà ni Adamu Halilu ṣe Shaihu Umar ní èdè Haúsá. Gbogbo ayé rò pé ó ti sọnù kí wọ́n tó rí i ní Jọ́ọ̀sì. Ilé iṣẹ́ Arsenal ní Jámánì bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2018. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ló tọ́ sí Àjàní Ògún.

Ẹ̀pẹ́ dé. Ìlú tí Ọba Kòsọ́kọ́ sá wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Jídé Kòsọ́kọ́ tí ẹ mọ̀ nínú fíìmù, ìdílé ọba yẹn ni. Ìtàn Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́ tó fíìmù ní tirẹ̀, ó sì tó kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní tíátà tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ láyé Ambọ̀dé, ọ̀kan nínú mẹ́rin, pẹ̀lú ti Àgbádárìgì, Ìgàndò àti Orégùn.

Ọjà ẹja Olúwo ni mo parí ìrìn sí. Ìyá kan ń gé ẹja àrọ̀, ọ̀bọ̀kún wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe dárúkọ fíìmù, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Aiyé Ògúndé ńkọ́? Ọmọdé ni mí nígbà náà. Wọ́n gbé e wá, wọ́n ta aṣọ funfun. Bí àwọn àjẹ́ ṣe jáde, abẹ́ ìró ìyá mi ni mo sá wọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é lóòótọ́: àwọn ọ̀gá tíátà a gbé fíìmù àti ẹ̀rọ wọn láti ìlú dé ìlú, wọn a fi hàn ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni Aiyé jáde, Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́tùúrá, babaláwo tó dojú kọ àwọn àjẹ́.

Mo sọ ti Mami Wata fún un, èyí tí C.J. Obasi yà ní orílẹ̀-èdè Benin, tó gba ẹ̀bùn iṣẹ́ kámẹ́rà ní Sundance ní 2023. Abúlé etí òkun, ìyá tó ń bá omi sọ̀rọ̀ nítorí ìlú, àwọn ọmọbìnrin méjì, àti àjèjì tí omi gbé wá. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀, ẹfun ojú wọn sì ń tàn nínú òkùnkùn bí ìgbà tí iná bá wà nínú rẹ̀.

"Kò ní àwọ̀? Tí kì í sì í ṣe fíìmù àtijọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó pe ọmọ rẹ̀ kó mú fóònù wá, kí n kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Mo kọ Aiyé, Ọ̀run Mooru, Kòṣeégbé àti Arugbá. Ó ní kí n fi Mami Wata kún un, ṣùgbọ́n ọmọ òun ni yóò kọ́kọ́ wò ó wá sọ fún òun bóyá ó dùn. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀bẹ, ó bi mí bóyá kí òun bá mi yọ ìfun ẹja tí mo fẹ́ rà, kò sì dín kọ́bọ̀ kan nínú owó rẹ̀.