Fèrè Ìkẹyìn

A mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé, "Pásítọ̀, kí ló kàn yín kan bọ́ọ̀lù?" Ó kàn wá dáadáa. Ibi tí èèyàn 22 bá ti ń lé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, tí ẹnìkan sì wà láàárín wọn tí kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ìwàásù wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ta ló fọn fèrè àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1998? Gbogbo wa la rántí Zidane, tó fi orí kan bọ́ọ̀lù méjì sínú àwọ̀n Brazil. Rẹfirí ọjọ́ náà ńkọ́? Ọmọ Áfíríkà ni. Said Belqola lorúkọ rẹ̀, ará Mòrókò, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó darí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. A ṣì máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ rẹfirí ṣe rí nìyẹn. Tó bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa rántí pé ó wà níbẹ̀. Tó bá ṣe é lódì, ìyá rẹ̀ tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ nílé máa gba èébú tirẹ̀ nínú ẹ̀. Fèrè tó wà lẹ́nu rẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n gbé e fún un ni. Ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tó máa fọn ọ́n kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn la fẹ́ bá yín sọ, torí pé gbogbo wa pátá la ní fèrè lẹ́nu: pásítọ̀, olùkọ́, ọ̀gá níbi iṣẹ́, ìyá ọmọ, bàbá ọmọ, alága àdúgbò. Kò sẹ́ni tí wọ́n gbé fèrè fún títí ayé.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ìkẹyìn kì í sábà kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ẹ mọ Pierluigi Collina, ará Ítálì, ọkùnrin olórí kodoro tó lójú ńláńlá yẹn. Òun ló darí àṣekágbá Champions League 1999 ní Barcelona, níbi tí Manchester United ti jẹ góòlù méjì lẹ́yìn tí 90 ìṣẹ́jú ti pé, tí Bayern Munich sì ń wò bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ló darí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002 ní Yokohama, Brazil 2, Jámánì 0. Nígbà náà, òfin ni pé tí rẹfirí bá ti pé ọmọ ọdún 45, kó gbé fèrè sílẹ̀. Collina pé 45 ní February 2005. Wọn ò fẹ́ kó lọ. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Ítálì fi ọdún kan kún ọjọ́ orí yẹn kó lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Àmọ́ ó fọwọ́ sí àdéhùn ìpolówó pẹ̀lú Opel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀, Opel yìí kan náà ló sì jẹ́ onígbọ̀wọ́ AC Milan. Àwọn aláṣẹ ní, ẹni tí ilé iṣẹ́ kan ń sanwó fún, báwo ló ṣe fẹ́ dúró sáàárín nígbà tí ẹgbẹ́ tí ilé iṣẹ́ yẹn ń ná owó lé lórí bá wà lórí pápá? Ọ̀rọ̀ di awuyewuye, Collina sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí August 2005 tó parí. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Villarreal àti Everton ní 24 August ṣe di ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe àṣekágbá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àtiwọ Champions League lásán ni. Ó fagi lé góòlù tí Duncan Ferguson fi orí kàn fún Everton, Villarreal borí 2 sí 1, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó pe alẹ́ ọjọ́ náà ní alẹ́ ìdágbére. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún ló tó hàn pé òun ni.

Ẹ wò ó, bí wọ́n bá tiẹ̀ fi ọdún kún ọdún yín lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tí yóò tán. Ẹ fọn ti òní dáadáa.

Ohun kejì ni pé àwọn kan ò lọ fúnra wọn, ẹnu àwa èèyàn ló lé wọn lọ.

Anders Frisk, ará Sweden, kì í ṣe rẹfirí kékeré. Òun ló darí àṣekágbá Euro 2000, ti France àti Ítálì. Ní September 2004, ní Róòmù, wọ́n ju nǹkan lu ú níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, eré ọjọ́ náà ò sì parí. Ó nu ẹ̀jẹ̀ nù, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó di February 2005, ó darí Barcelona àti Chelsea, ó lé Drogba jáde, Chelsea sì pàdánù 2 sí 1. Lẹ́yìn eré, wọ́n sọ láti ọ̀dọ̀ Chelsea pé akọ́nimọ̀ọ́gbá Barcelona lọ bá a nínú yàrá rẹ̀ nígbà ìsinmi. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ náà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn, òun àti ìdílé rẹ̀. Ní March, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni ọdún 42 ni. UEFA jẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá Chelsea, José Mourinho, níyà ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì nígbà tó yá, àmọ́ fèrè Frisk ti bọ́ sílẹ̀, kò sì gbé e mọ́.

Ohun tí wọ́n jù lù ú ò lé e lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló lé e lọ. Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ ẹnu yín lórí àwọn tó ń ṣe ìdájọ́ láàárín yín. Olùkọ́ tó fún ọmọ yín ní òdo, alákòóso ẹgbẹ́ akọrin tó ní kẹ́ ẹ lọ jókòó sẹ́yìn ná, ẹ béèrè tẹnu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan ìròyìn ká. Àwọn baba wa ti sọ pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ohun kẹta la ṣèlérí pé a máa padà sí.

Belqola darí àṣekágbá yẹn nítòsí Paris ní 12 July 1998. Ó lé Marcel Desailly ti France jáde lójú gbogbo ayé, nílé France, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Gbogbo Áfíríkà ga sí i lọ́jọ́ yẹn. Kò tíì pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà tí àrùn jẹjẹrẹ mú un lọ. 15 June 2002 ló kú, nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé mìíràn ń lọ lọ́wọ́, ọjọ́ 15 péré kí Collina tó fọn fèrè àṣekágbá tirẹ̀ ní Yokohama. Ọmọ ọdún mélòó? 45. Ọjọ́ orí tí òfin ní kí rẹfirí fẹ̀yìntì, ọjọ́ orí yẹn náà ló fi ayé sílẹ̀. A ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. À ń sọ ọ́ torí àwọn tó ń sọ pé, "Tí a bá fẹ̀yìntì tán la máa ráyè fún ìyàwó wa. Tí a bá fẹ̀yìntì tán la máa mọ àwọn ọmọ wa." Ta ló fún yín ní ìwé ẹ̀rí pé ẹ máa bá ìfẹ̀yìntì yẹn? Ẹ ráyè fún wọn báyìí.

Ẹ jókòó dáadáa o, torí ibi tá à ń lọ gan-an la dé yìí.

Ní 11 July 2021, Björn Kuipers, ẹni ọdún 48, darí àṣekágbá Euro ní Wembley, Ítálì àti England. Òun ni ará Netherlands àkọ́kọ́ tó darí irú àṣekágbá yẹn, lẹ́yìn rẹ̀ ló sì fẹ̀yìntì. Ọmọkùnrin kan wà lórí pápá lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún 19, London ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀ ti wá: Bukayo Saka. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ò nílò ògbufọ̀ fún orúkọ yẹn, ọ̀rọ̀ ayọ̀ tí a bù kún ni. Bí àsìkò ṣe ń tán lọ, Saka fẹ́ sá kọjá Chiellini, ni Chiellini bá fà á lọ́rùn aṣọ bí ẹni mú olè lọ́jà. Kuipers fún un ní káàdì yẹ́lò. Wọ́n wá gba ọ̀mì 1 sí 1, ó di pẹnárítì. Saka ló gbá èyí tó kẹ́yìn, aṣọ́lé Ítálì sì mú un. Eré tán. Ẹ jẹ́ kó yé yín: bọ́ọ̀lù tí ọmọ wa yìí gbá tí kò wọlé, òun ni bọ́ọ̀lù ìkẹyìn nínú àṣekágbá tí Kuipers darí yẹn. Ọmọ náà ń sunkún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti ń bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Rẹfirí ti gba ilé lọ, kò ní fọn fèrè fún ọmọ yìí mọ́ láé.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ní 6 July 2024, ní Düsseldorf, Jámánì, England pàdé Switzerland nínú Euro. Daniele Orsato, ará Ítálì, ló wà láàárín. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló kọ́ kó tó di rẹfirí ńlá, òun ló darí àṣekágbá Champions League 2020. Òun náà ti di ẹni ọdún 48, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yìí sì ni ìkẹyìn rẹ̀. Switzerland ló kọ́kọ́ jẹ góòlù. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 80, Saka gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀ọ́kán, ó lu òpó, ó wọlé. Ọ̀mì, 1 sí 1. Wọ́n tún dé ìdí pẹnárítì. Saka tún jáde. Pẹnárítì kan náà, ìdíje kan náà, ẹsẹ̀ kan náà. Ó gbá a wọlé! England borí 5 sí 3.

Ṣé ẹ rí i? Rẹfirí kan parí àṣekágbá rẹ̀ nígbà tí ọmọ kan ń sunkún. Òmíràn gbé fèrè sílẹ̀ nígbà tí ọmọ kan náà ń yọ̀. Kuipers ò ṣe àṣìṣe tó mú kí ọmọ náà sunkún, Orsato náà ò ṣe oore kankan tó mú un yọ̀. Àwọn méjèèjì kàn fọn fèrè bó ṣe yẹ ni, wọ́n sì lọ. Ìtàn ọmọ náà kì í ṣe tiwọn láti parí.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan àwa ìránṣẹ́ Ọlọ́run. A máa ń sọ pé, "Tí a bá lọ báyìí, ta ló máa tọ́jú àwọn ọmọ yìí? Ìjọ ò tíì dúró. Ọmọ lágbájá ò tíì yí padà. Ẹ jẹ́ ká rí i kó dáa ná." Ó dà bí ìfẹ́, àbí? Nígbà míì, ìfẹ́ náà ni. Nígbà míì, àga ló dùn. Èyí tó wù kó jẹ́, ìgbàgbọ́ ò sí nínú ẹ̀, torí ó túmọ̀ sí pé Olúwa ò ní rẹfirí mìíràn lẹ́yìn wa. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ẹni tó sunkún lójú wa lè yọ̀ lójú ẹlòmíì, ayọ̀ náà á sì jẹ́ ayọ̀.

Ẹ rántí ariwo January 2017. Òfin kan tí Financial Reporting Council gbé kalẹ̀ ní Nàìjíríà sọ pé olórí ìjọ kò gbọdọ̀ lò ju 20 ọdún lọ. Baba Adeboye kéde Pásítọ̀ Joshua Obayemi gẹ́gẹ́ bí alámòójútó RCCG fún Nàìjíríà, Baba sì ń bá iṣẹ́ lọ gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọ náà ní gbogbo àgbáyé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba dá òfin yẹn dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wa mí kanlẹ̀. A ò sọ pé ó yẹ kí ìjọba máa ka ọdún fún ìjọ Ọlọ́run. Ohun tí à ń bi ara wa ni pé, nígbà tí òfin ti lọ, ta ló ń ka ọdún fún wa?

Adájọ́ méjì ló wà nínú Bíbélì, ọ̀kan tọ́ èkejì dàgbà. Élì ṣe ìdájọ́ Ísírẹ́lì fún 40 ọdún. Orí àga ló wà títí ó fi ṣubú láti orí àga náà, tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Ẹ kà á nínú 1 Sámúẹ́lì orí 4. Sámúẹ́lì tún wà. Ẹ ṣí orí 12. Ó dúró níwájú gbogbo èèyàn, pẹ̀lú ewú lórí, nígbà tí ọba tuntun wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́rìí sí òun: màlúù ta ni òun gbà rí, ta ni òun rẹ́ jẹ, ọwọ́ ta ni òun ti gba rìbá? Wọ́n ní kò sí. Ó wá sọ fún wọn pé òun ò ní dákẹ́ àdúrà lórí wọn, òun á sì máa kọ́ wọn ní ọ̀nà tó dáa. Ó gbé fèrè sílẹ̀, kò gbé ìfẹ́ sílẹ̀. Collina náà ò kú sílé lẹ́yìn Villarreal. Òun ló ń ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹfirí ní FIFA láti 2017, àwọn ọ̀dọ́ ló ń kọ́.

Ẹ̀yin tí ìfẹ̀yìntì yín ti sún mọ́lé, ohun mẹ́ta péré la bẹ̀ yín: ẹ dá ohun tí kì í ṣe tiyín padà báyìí, nígbà tẹ́ ẹ ṣì ní agbára. Ẹ pe ẹni tó máa gba ipò náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fọn fèrè lójú yín, kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ sì jókòó ti ìdílé yín. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Baba, ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ parí nígbà tí ohun tó fẹ́ rí kò tíì ṣẹlẹ̀, fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọmọ tó fi sílẹ̀ pẹ̀lú omijé, Ìwọ bù kún ayọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Fèrè ìkẹyìn wa kò ní jẹ́ fèrè ìtìjú. Wọn ò ní lé wa, a ò ní ṣubú lórí àga, a ó sì dàgbà láti rí àwọn tó gbapò wa kí wọ́n ṣe dáadáa jù wá lọ. Lórúkọ Jésù.

Tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ kọ Àmín sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan tó ń múra àtifẹ̀yìntì lọ́dún yìí. Ká pàdé nílé Ọlọ́run lọ́la o.